Orógbó àti Igi Òrí: Èwo Nínú Wọn Ni Kí A Kọ́kọ́ Gbà Sílẹ̀?

Ìbéèrè

Ilẹ̀ kan kàn mí nínú ogún bàbá wa. Ó wà ní apá àríwá Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí ẹgàn ti ń parí tí ọ̀dàn sì ti ń bẹ̀rẹ̀. Mo fẹ́ fi í gbin igi tí ó ń parẹ́ lọ. Mo kà á pé ìpele ewu kan náà ni orógbó àti igi òrí wà nínú Ìwé Pupa, ìyẹn àkọsílẹ̀ àwọn ẹ̀dá tí ewu ìparun wà lórí wọn, tí àjọ IUCN tí ń dáàbò bo ẹ̀dá lágbàáyé ń ṣe. Àbúrò mi ní orógbó ni kí a gbìn, nítorí pé kò sí ọjọ́ tí wọn kì í tà á lọ́jà. Ẹ̀gbọ́n wa obìnrin ní igi òrí ni, nítorí pé òun ni igi ilẹ̀ náà. Bí ewu wọn bá dọ́gba, ṣé kí n kàn gbin èyí tí ó bá ń tètè so ni? Ẹ jọ̀wọ́, ẹni tí ó bá ti fọwọ́ ara rẹ̀ gbin ọ̀kan nínú wọn ni kí ó dá mi lóhùn.

* * *

Ìdáhùn kìíní

Ọmọ igi ni mo ń tà ní nọ́sìrì wa ní Ìbàdàn, níbi tí a ti ń tọ́ wọn, èmi náà ni mo sì kọ gbogbo ìdáhùn yìí. Ìpele kan náà ni wọ́n wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tí ń pa wọ́n kò jọra rárá. Ọ̀nà mẹ́ta ni Ìwé Pupa pín àwọn ẹ̀dá tí ewu ìparun wà lórí wọn sí, àwọn igi méjèèjì yìí sì wà nínú èyí tí ó fúyẹ́ jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọdún 1998 ni wọ́n ti fi igi òrí síbẹ̀, ọdún 2004 sì ni ti orógbó. Ìdájọ́ tí ó ti lé ní 20 ọdún ni ẹ fẹ́ fi yan ohun tí ẹ ó gbìn lónìí, kò sì sọ fún yín bí ẹ ó ṣe gba igi kankan sílẹ̀.

Orógbó, tí àwọn onímọ̀ ewéko ń pè ní Garcinia kola, jẹ́ igi ẹgàn. A ń rí i láti Sàró títí dé Kóńgò. Kì í ṣe èso rẹ̀ nìkan ni ènìyàn ń wá: à ń wa gbòǹgbò rẹ̀, à ń gé ẹ̀ka àti ìtì rẹ̀ fún orín, à ń bó èèpo rẹ̀ fún àgbo, àwọn ibì kan sì wà ní Kamẹrúùnù tí wọ́n ti ń fi èèpo náà sínú ẹmu kí ó lè le. Nínú gbogbo èyí, èso nìkan ni a lè mú tí igi náà kò ní jẹ ìyà kankan. Ní Gánà, níbi tí orín rẹ̀ ti jẹ́ ọjà ńlá, ó ti ṣọ̀wọ́n gan-an nínú igbó.

Ti igi òrí yàtọ̀. Vitellaria paradoxa ni orúkọ rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀, igi ọ̀dàn ni, ó sì lọ láti Sẹ̀nẹ̀gà títí dé Ùgáńdà àti Etiópíà. Kóró inú èso rẹ̀ ni gbogbo ayé ń wá, ilẹ̀ ni a sì ti ń ṣa èso náà lẹ́yìn tí ó bá ti já bọ́ fúnra rẹ̀. Kò sí ẹni tí ń ti ipa òrí ṣíṣe pa igi òrí. Èédú ni ó ń pa á, àti igi ìdáná, àti katakata tí kò fẹ́ kí igi dúró sí àárín oko, àti ilẹ̀ tí a kò jẹ́ kí ó sinmi mọ́.

Nítorí náà, ìbéèrè tí ó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ bi ara yín ni pé èwo nínú wọn ni gbígbìn lè ràn lọ́wọ́. Ní tèmi o, orógbó ń fẹ́ ẹni tí yóò gbìn ín, ṣùgbọ́n igi òrí ń fẹ́ ẹni tí yóò dá èyí tí ó ti hù sí.

* * *

Ìdáhùn kejì: sí ẹni tí ó ní orógbó kún ọjà

Òǹkàwé kan béèrè pé bí orógbó bá ń parẹ́ lóòótọ́, kí ló dé tí ó fi kún atẹ ní Bódìjà? Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń ronú báyìí, mi ò sì lè dá wọn lẹ́bi, nítorí pé ọjà ni gbogbo wa fi ń mọ ohun tí ó pọ̀ àti ohun tí ó wọ́n. Ṣùgbọ́n èso ni ó wà lórí atẹ, igi ni a sì ń sọ. Ẹ̀yìnkùlé àti oko kòkó àtijọ́ ni púpọ̀ nínú èso yẹn ti ń wá, níbi tí bàbá ẹnìkan ti gbin igi méjì mẹ́ta tàbí tí ó ti dá wọn sí. Òmíràn sì ń gba ẹnubodè Kamẹrúùnù wọlé. Igi arúgbó lè máa so dáadáa fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn tí kò ti sí ọmọ igi kankan lábẹ́ rẹ̀ mọ́. Bí gbogbo èso tí ó já bọ́ bá ti di ti ọjà, kí ni yóò hù?

Bí ẹ bá fẹ́ fi ọjà ṣe òṣùwọ̀n, ẹ fi atẹ elórógbó sílẹ̀, kí ẹ lọ wo atẹ àwọn tí ń ta orín. Ẹ bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n ti ń gé e báyìí, àti ibi tí wọ́n ti ń gé e nígbà tí àwọn ìyá wọn ń tà á. Èmi ti béèrè rí, ohun tí mo sì gbọ́ ni pé ọ̀nà tí àwọn tí ń gé e ń rìn ti jìn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

* * *

Ìdáhùn kẹta: sí ìyá tí ó kọ̀wé láti agbègbè Ṣakí

Ìyá wa kọ ọ̀rọ̀ gígùn. Ohun tí wọ́n sọ ni pé àgbẹ̀ Òkè-Ògùn kì í gé igi òrí, pé láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni a ti ń dá a sí bí a bá ń ṣán oko. Pé àwọn òyìnbó tí ń ra kóró rẹ̀ lọ ni ó ń ba nǹkan jẹ́. Àti pé ìjọba ṣe ohun tí ó dára nígbà tí ó dá títa kóró náà sí òkè òkun dúró. Mo fara mọ́ àkọ́kọ́, n kò gba èkejì, ẹ̀kẹta sì ń kọ mí lóminú.

Ní ti dídá igi sí, òótọ́ pọ́ńbélé ni. Nígbà tí Mungo Park, òyìnbó arìnrìn-àjò, gba ilẹ̀ Bambara kọjá ní 1796, níbi tí a ń pè ní Málì lónìí, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn ènìyàn ibẹ̀ kì í gbin igi òrí, pé inú igbó ni ó ti ń hù fúnra rẹ̀, àti pé bí wọ́n bá ń ṣán igbó láti dá oko, gbogbo igi ni wọ́n ń gé àfi òun. Bí ó ṣe rí ní ọ̀dọ̀ tiwa náà nìyẹn. Àwọn igi ńláńlá tí ẹ ń rí láàárín oko ẹ̀gẹ́ àti oko ọkà láti Ìgbòho títí dé Káíámà, àti ní òdìkejì ẹnubodè ní agbègbè Pàrákú, kò sí ẹni tí ó gbìn wọ́n. Àwọn tí ń dáko ni wọ́n ń fojú fò wọ́n láti ìran dé ìran.

Ṣùgbọ́n igi tí a dá sí kò lè bí ọmọ láàárín ebè tí a ń kọ lọ́dọọdún. Nígbà tí a bá fi ilẹ̀ sílẹ̀ kí ó sinmi fún ọdún bíi mélòó kan ni ọmọ igi òrí ń ráyè hù, tí ó ń ta gbòǹgbò, tí ó sì ń ga débi pé ẹni tí ó bá padà wá ṣán ilẹ̀ náà yóò dá a mọ̀, tí yóò sì yà fún un. Nísinsìnyí tí ilẹ̀ kò tó mọ́, àwọn mìíràn kì í fi í sinmi rárá. Ẹ lọ sínú oko yín kí ẹ wo igi òrí tí ó wà níbẹ̀: arúgbó mélòó ni, ọmọdé mélòó ni? Igi yìí lè gbé ju 200 ọdún lọ, ìdí nìyẹn tí ojú wa kò fi tètè rí i pé kò sí àrólé. Àfòmọ́ tún wà, tí ó ń fa oje àwọn arúgbó náà mu, tí àwọn ọmọ wa kò sì ń gùn lọ gé dànù mọ́.

Èédú ni mo kà sí ọ̀tá rẹ̀ jù. Igi òrí le, iná rẹ̀ sì ń pẹ́, nítorí náà ó wu àwọn eléèédú gan-an. Ẹni tí ó bá ń rìn ní ojú títì Òkè-Ògùn yóò rí àpò èédú tí wọ́n tò lọ bẹẹrẹ, kò sì sí àmì lára àpò náà tí yóò fi mọ igi tí wọ́n sun. Àwọn tí ń sun ún kì í sábà jẹ́ àgbẹ̀ tí ìyá wa ń sọ. Onílẹ̀ ni ó ń ta igi fún wọn. Ibí yìí sì ni wàhálà gidi wà: àwọn obìnrin ni wọ́n ń jí lọ ṣa èso ní ìdájí, àwọn ni wọ́n ń bọ̀ ọ́, tí wọ́n ń sá a, tí wọ́n ń fọ́ ọ, tí wọ́n ń yan án, tí wọ́n ń lọ̀ ọ́, tí wọ́n sì ń pò ó títí òrí yóò fi léfòó, ṣùgbọ́n ilẹ̀ kì í sábà jẹ́ tiwọn. Ẹni tí ó lè ta igi kì í jẹ nínú èrè òrí, ẹni tí ó sì ń jẹ èrè òrí kò lè sọ pé kí a má ta igi.

Ní ti àwọn òyìnbó, ẹ jẹ́ kí a ṣe ẹ̀tọ́. Púpọ̀ nínú kóró tí wọ́n ń rà kì í lọ sínú ìpara, inú ṣokoléètì ni ó ń lọ. Òfin Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù gbà kí ọ̀rá mìíràn tí kì í ṣe ti kòkó wọ inú ṣokoléètì títí dé ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún, òrí sì wà lára ọ̀rá mẹ́fà tí òfin náà dárúkọ. Ọjà yìí kò tíì gé igi kankan. Bí ó bá ní ẹ̀bi, òun ni pé nígbà tí kóró bá gbówó lórí, a máa ń ṣa ilẹ̀ mọ́ tónítóní débi pé kò ní sí èyí tí yóò hù.

Ó ku òfin ìjọba. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, Igbákejì Ààrẹ Kashim Shettima kéde pé a kò gbọdọ̀ ta kóró òrí tí a kò tíì fún òróró inú rẹ̀ jáde sí òkè òkun fún oṣù mẹ́fà. Ó ní Nàìjíríà ń mú nǹkan bí ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún kóró òrí àgbáyé wá, ṣùgbọ́n ìdá 1 péré ni ó ń rí nínú owó ọjà náà. Fún àwọn tí ó ní ẹ̀rọ ìfúnróró, ìròyìn ayọ̀ ni. Ní ti igi, n kò mọ ìdí tí inú wa yóò fi dùn. Bí àwọn ilé iṣẹ́ abẹ́lé kò bá ní agbára láti ra gbogbo kóró tí òfin dá dúró, owó rẹ̀ yóò wálẹ̀ lọ́wọ́ obìnrin tí ó ṣa á, eléèédú kò sì sí lábẹ́ òfin yẹn. Òfin tí yóò ran igi òrí lọ́wọ́ ni èyí tí yóò bá ẹni tí ń ta igi wí, kì í ṣe èyí tí yóò bá ẹni tí ń ta èso wí.

* * *

Ìdáhùn kẹrin

Ẹnìkan ní àṣà yóò dáàbò bo orógbó, pé níwọ̀n ìgbà tí a bá ṣì ń sọmọ lórúkọ, tí a ṣì ń wúre pé orógbó ní í gbó ni sáyé, tí àwọn olórìṣà sì ṣì ń fi orógbó bọ Ṣàngó, kò lè parẹ́. Mo fẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àṣà ń dáàbò bo igi tí ó wà ní ẹ̀yìnkùlé, nítorí èso rẹ̀; kò dé inú ẹgàn níbi tí orín ti ń wá. Ní Bàhíà ní Brazil pàápàá, àwọn ọmọ wa tí a kó lẹ́rú lọ gbin orógbó síbẹ̀, wọ́n ń pè é ní orobô, wọ́n sì ń lò ó títí di òní fún òrìṣà. Ìyẹn dára, ó sì jẹ́ ẹ̀rí pé igi náà ń gba ọwọ́ ẹni tí ó bá gbìn ín. Igi ẹgàn wa kò tìtorí rẹ̀ pọ̀ sí i.

* * *

Ìdáhùn karùn-ún: nípa òdòdó wọn

Kò sí ẹni tí ó bi mí ní ti òdòdó, ṣùgbọ́n òdòdó ni ó jẹ́ kí n ní sùúrù pẹ̀lú àwọn igi méjèèjì yìí, ó sì kan ohun tí ẹ fẹ́ ṣe.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni igi òrí ń tanná, láti nǹkan bí oṣù kejìlá sí oṣù kẹta, nígbà tí ewé rẹ̀ ti wọ́ dànù. Òdòdó rẹ̀ funfun díẹ̀ bí wàrà, ó ń ṣù jọ ní orí ẹ̀ka, ó ń ta sánsán, oyin sì ń rọ́ wá sí i. Akọ àti abo wà nínú òdòdó kan náà. Bí oyin bá kéré, èso yóò kéré. Ẹni tí ó bá ń fi iná lé oyin nínú igbó òrí ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ dín òrí kù. Àsìkò yìí kan náà ni iná igbó ń jà. Mo ti rí igi tí òdòdó bò ní ọ̀sẹ̀ kan, tí iná pápá sì gbá ìsàlẹ̀ rẹ̀ kọjá ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e. Igi náà kò kú, nítorí pé èèpo rẹ̀ nípọn, ṣùgbọ́n ọdún yẹn kò mú nǹkan kan jáde.

Ti orógbó kò hàn síta báyìí. Òdòdó rẹ̀ kéré, àwọ̀ rẹ̀ kò jìnnà sí ti ewé, ẹ lè kọjá lábẹ́ rẹ̀ kí ẹ má mọ̀ pé ó ti tanná. Ìṣòro rẹ̀ ni pé akọ wà lọ́tọ̀, abo wà lọ́tọ̀, igi kan kì í sábà ní méjèèjì. Nígbà tí ó bá jẹ́ ọmọ, kò sí ohun tí ẹ lè fi dá wọn mọ̀ yàtọ̀. Àwọn tí ó ra ọmọ orógbó ní nọ́sìrì wa ní Ìbàdàn máa ń padà wá láti bi mí bóyá mo lè mú abo fún wọn, n kò sì lè mú un bí kò ṣe pé a fi ẹ̀ka igi tí ó ti ń so dè é. Èyí sì tún ń pa igi náà: bí onílẹ̀ bá dúró títí tí igi rẹ̀ kò so, yóò ní kò wúlò, yóò tà á fún olórín, láì mọ̀ pé akọ tí ń fún abo aládùúgbò ní èso ni ó gé.

* * *

Ìdáhùn kẹfà: a padà sórí ilẹ̀ Ògbómọ̀ṣọ́

Ẹni tí ó béèrè tún kọ̀wé. Ó ní òun ti ka gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n òun kò tíì rí ìdáhùn, pé èwo gan-an ni kí òun gbìn? Ó tún ní ṣíṣàn omi kékeré kan wà ní ìsàlẹ̀ ilẹ̀ náà, àti pé igi òrí ńlá mẹ́ta wà lókè.

Ẹ̀gbọ́n yín obìnrin ni mo gbè lẹ́yìn ní ti òkè ilẹ̀ náà, ṣùgbọ́n ẹ má gbin nǹkan kan síbẹ̀. Igi mẹ́ta yẹn ń já èso sílẹ̀ lọ́dọọdún. Ẹ fi apá kan sílẹ̀ láì ro ó, kí ẹ gé ọ̀nà iná yí i ká kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé, kí ẹ sì rí i pé màlúù kò wọ ibẹ̀. Èyí tí ó bá hù fúnra rẹ̀ ń ní ìlera ju èyí tí a gbé wá láti nọ́sìrì lọ, mo sì ń sọ èyí bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ igi ni mo ń tà. Bí kóró òrí bá ń hù, ohun tí ó kọ́kọ́ jáde ń wọ ilẹ̀ lọ tààrà, inú ilẹ̀ lọ́hùn-ún ni ẹ̀ẹ̀hù rẹ̀ yóò ti wá gbéra padà sókè. Báyìí ni ó ṣe ń bọ́ lọ́wọ́ iná àti ọ̀dá láti ìbẹ̀rẹ̀ ayé rẹ̀. Nínú àpò ọ̀rá kúkúrú tí a ń lò ní nọ́sìrì, gbòǹgbò yẹn yóò ká kò, ẹ ó gbé e lọ sóko, yóò dúró ní ojú kan fún ọdún pípẹ́ bí ẹni tí a fi epè dè. Àpò gígùn ń ràn án lọ́wọ́, kò sì wo gbogbo rẹ̀ sàn.

Àbúrò yín ni mo gbè lẹ́yìn ní ti ìsàlẹ̀. Orógbó ń fẹ́ ibòji nígbà èwe rẹ̀, ó ń fẹ́ ilẹ̀ tí omi kò jìnnà sí. Bí ẹ bá gbé e sí òkè gbalasa yẹn, ẹ̀ẹ̀rùn àkọ́kọ́ ni yóò mú un. Ẹ gbìn ín sí ẹ̀bá omi, lábẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹ sì má gbin ẹyọ kan. Ẹ gbìn ín púpọ̀ kí akọ àti abo lè bọ́ sí i.

Nǹkan kan tún wà tí ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ parí: ẹ̀yin mọ̀lẹ́bí, ṣé ẹ ti pín ilẹ̀ náà tán? Ní ilẹ̀ Yorùbá, ẹni tí ó gbin igi ọlọ́jọ́ pípẹ́ sórí ilẹ̀ ti sọ ọ̀rọ̀ lórí ẹni tí ó ni ín. Ìdí nìyẹn tí a kì í fi í jẹ́ kí alágbàro tàbí ẹni tí ó ń san ìṣákọ́lẹ̀ gbin kòkó tàbí obì láì gba àṣẹ. Mo mọ ẹbí kan tí orógbó fa ẹjọ́ láàárín wọn.

* * *

Ìdáhùn keje: nípa ìgbà tí yóò gbà

Ẹ̀yin tí ẹ ń béèrè èwo ni ó ń tètè so, kò sí èyí tí ó yá nínú wọn. Orógbó máa ń gba ọdún 7 sí 15, igi òrí tí ó hù láti inú kóró sì ń gba ọdún 15 sí 20 kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Ilé iṣẹ́ ìwádìí ọ̀pẹ, NIFOR, ní ọgbà kan ní Bídà tí ó wà fún igi òrí, àwọn ará Gánà sì ní tiwọn ní Bole. Ẹ̀ka igi tí ó ti ń so tí a dè mọ́ ìdí ọmọ igi ń dín ìdúró náà kù. Ẹni tí ó fẹ́ rí owó kíákíá, kí ó gbin ẹ̀gẹ́.

Ní ti àsìkò, ẹ má ṣe rà á ní ìgbàkígbà. Èso òrí ń já bọ́ láàárín oṣù karùn-ún sí oṣù kẹjọ. Kóró rẹ̀ kì í pẹ́ kú, nítorí náà ẹni tí ó bá fẹ́ gbìn ín gbọ́dọ̀ rì í mọ́lẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì tí ó já bọ́; èyí tí ẹ bá rà lọ́wọ́ aláròóbọ̀ ti jẹ́ bíbọ̀, kò lè hù láé. Orógbó ń pọ́n láti nǹkan bí oṣù keje sí oṣù kẹwàá. Ẹ ra odindi èso, kí ẹ má ra èyí tí ó ti gbẹ lórí atẹ. Bí ẹ bá gbìn ín bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú èèpo rẹ̀, ó lè sùn nínú ilẹ̀ ju ọdún kan lọ. Ẹ fi ọ̀bẹ bó awọ pupa tín-ínrín tí ó wà lára kóró náà láì jẹ́ kí ó dé ara funfun inú rẹ̀, kí ẹ rẹ ẹ́ sínú omi, kí ẹ máa pààrọ̀ omi náà lójoojúmọ́, lẹ́yìn náà ni kí ẹ rì í sínú ìyẹ̀fun igi tútù ní ibòji. Èyí tí ó bá rà, ẹ yọ ọ́ kúrò kí ó má ba ìyókù jẹ́. Èyí tí kò bá hù láàárín oṣù díẹ̀, ẹ má dà á nù: ẹ fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wò, bí ó bá ṣì le, ó ṣì wà láàyè.